Dẹlegé Ládiípọ̀ àti Koríko Orí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọ̀tẹ̀ ni ó lé àwọn ọ̀gá mìíràn kúrò nípò. Àìsàn lé àwọn kan, ikú sì lé èyí tí ó pọ̀ jù. Ládiípọ̀, Dẹlegé fún Ẹwà Ìlú ní Kambolé, koríko ni ó lé e. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ lè dìde nísinsìnyí, nítorí mo ti sọ ìparí rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dìde kò ní mọ bí ọkùnrin kan ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò, tí ó dúró sínú rẹ̀, tí ó sì ń bi àwọn ará ìlú léèrè pé kí ló dé tí wọn kò pàtẹ́wọ́.

Nígbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo ilẹ̀ Tógò, ẹnìkan ṣoṣo ni ó sì wà lórí ẹgbẹ́ náà. Lábẹ́ ẹnìkan yìí, àwọn ọ̀gá kéékèèké pọ̀ bí eṣú. Olúkúlùkù wọn ń wá bí òun náà yóò ṣe jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo níbi tí wọ́n bá fi í sí, ì báà ṣe ìdí tábìlì kan. Ọ̀kan nínú wọn ni Ládiípọ̀. Kouloundè, ní Sokodé, ni wọ́n ti bí i, nínú ìdílé àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Ṣáálì ni àwọn fàdá sọ ọ́ nígbà tí wọ́n rì í bọmi. Nígbà tí àṣẹ jáde pé kí gbogbo ènìyàn ju orúkọ òyìnbó nù, òun ni ó kọ́kọ́ ju tirẹ̀ nù ní àdúgbò wọn. Kò dúró síbẹ̀. Ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tí kò tíì ju tiwọn nù sínú ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ó wà lókè. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó ṣe ìkẹta nínú ìwé náà. Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi sọ ọ́ di Dẹlegé, ìyẹn aṣojú ìjọba.

Iṣẹ́ wo ni Dẹlegé fún Ẹwà Ìlú ń ṣe? Ẹ má bi mí. Mo bi àwọn tí ó dàgbà jù mí lọ, àwọn náà ní kí n má bi àwọn. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn ará Kambolé ń gbin iṣu àti àgbàdo wọn, wọ́n ń kírun, wọ́n ń bá àwọn ẹbí wọn tí ó wà lódì kejì ààlà, ní ilẹ̀ Benin, ṣòwò. Wọn kò mọ̀ pé àwọn burẹ́wà, àfi ìgbà tí ìjọba rán ọkùnrin yìí wá láti tún wọn ṣe.

Ilé tí wọ́n fún un wà lórí òkè kan lẹ́bàá ọ̀nà Tchamba. Ẹ̀yìn ilé ni òkè náà ti ń ga lọ, iwájú ilé sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé etí ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ tí ó dé ni ó ti pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá nísàlẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì tẹrí ba fún ilé náà.

"Bí Ọ̀gá kò bá sí nílé ńkọ́?" ni àgbẹ̀ kan bi Àjàní, akọ̀wé Dẹlegé.

"Ilé wà nílé," ni Àjàní dáhùn.

Àjàní yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Kì í kọ̀wé púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbé àga tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ kiri, kí ó máa ti àga náà bọ abẹ́ ìdí rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ jókòó. Ó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí Ládiípọ̀ kò fi wo ẹ̀yìn mọ́ kí ó tó jókòó. Bí Dẹlegé bá sín, Àjàní á ní, "Ẹ gbọ́ ohùn ìjọba!" Bí ó bá dákẹ́, Àjàní á ní, "Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!"

Iwájú ilé ni koríko wà. Gásọ̀n ni àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè é, ìyẹn koríko tí ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ, tí a kò gbọdọ̀ fi bo ilé, tí a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe oògùn. Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe? Wọ́n ń wò ó. Ẹni tí ó gbé ilé náà ṣáájú Ládiípọ̀ ni ó gbìn ín, ó sì nípọn díẹ̀ láyé tirẹ̀. Ládiípọ̀ ni ó ní kí wọ́n máa fi ìgbálẹ̀ gbá a láràárọ̀ bí ẹní, kí wọ́n sì máa gé e mọ́lẹ̀ bí irun ọmọ ìkókó. Orí rẹ̀ náà ni ó ń kó ẹgbẹ́ animasiọ̀n jọ sí, àwọn obìnrin àti ọkùnrin tí ìjọba yàn láti máa jó kí wọ́n sì máa kọrin yin Olórí Ìlú, ẹnìkan ṣoṣo tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Ọgọ́ta ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ilẹ̀ náà le bí orí òkúta. Bí òjò bá rọ̀, omi kò ríbi wọlé, ó kàn ń sáré lọ sísàlẹ̀ ni, ó sì ń gbé erùpẹ̀ dání. Nígbà tí òjò oṣù kẹrin ọdún kejì rọ̀ tán, àgbàrá ti la ojú koríko náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ibi tí ó kù sì ṣá pá-n-ko-pá-n-ko bí orí ẹni tí làpálàpá ń bá jà. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ níwájú ilé kò kanlẹ̀ mọ́. Adìyẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Dẹlegé kì bá tí rí i, nítorí kì í wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé dé láti Lomé ní oṣù karùn-ún. Mínísítà kan ń bọ̀ wá sí Kambolé ní ìparí oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìrántí ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́. Yóò dúró níwájú ilé Dẹlegé, yóò sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ Ládiípọ̀ láyà.

Ládiípọ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ó wo ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó pe gbogbo ìlú jọ. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn tí adìyẹ ń gba abẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ Olórí Ìlú! Ẹ̀yin tí oòrùn ẹgbẹ́ wa ń ràn lé lórí lọ́sàn-án àti lóru! Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìburẹ́wà títí mo fi dé! Ohun tí ẹ ń wò yìí kì í ṣe koríko. Irun orí ìjọba ni. Mo bi yín, bí irun orí ìjọba bá ń re, kí ni yóò kù?"

"Orí pípá," ni ẹnìkan dáhùn láti ẹ̀yìn.

Àjàní ti pàtẹ́wọ́ kí ó tó mọ ohun tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ wákàtí kejì, obìnrin kan dìde. Ìdíátù ni orúkọ rẹ̀, opó ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ilẹ̀ tí ó wà lórí òkè, lẹ́yìn ilé Dẹlegé gan-an, ti ọkọ rẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ òkè, lódì kejì ọ̀nà, ni Tàjùdíìnì ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti ń gbin àgbàdo. Gbogbo ìgbésí ayé obìnrin yìí ni ó ti fi bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbé, ó sì mọ ibi tí omi ń gbà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé àna rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìdúró," ni ó wí. "Koríko yín kò ní àrùn kankan. Omi ni ó ń jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ yàrà kékeré kan lẹ́yìn ilé, kí ó dábùú òkè, kí omi lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kí a fi ọkọ́ tú ilẹ̀ tí ó le yìí. Kí a to pòpórò àgbàdo dábùú rẹ̀ kí ó lè máa dá erùpẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà kí a wá ri ẹ̀ka koríko gbégi mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ̀ ẹ́ títí ọyẹ́ yóò fi dé. Yóò mú."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ìmọ̀ràn tí ó dáa jù tí Dẹlegé yóò gbọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn, wọn kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ," ni ó wí fún obìnrin tí ó lè bí i, "ìwọ fẹ́ kí Mínísítà wá bá yàrà lẹ́yìn ilé mi, kí ó sọ pé ìjọba ń bẹ̀rù omi? Pòpórò àgbàdo! Ṣé ẹṣin ni ó ń bọ̀ ni? Àwọn àgbà wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi ni onílé. N kò gbà!"

"Kò gbà!" ni Àjàní pariwo.

"Ọ̀gá," ni Ìdíátù wí jẹ́jẹ́, "ẹnu kọ́ ni onílé fi ń kọ̀ fún àgbàrá. Ọkọ́ ni."

Wọ́n ní kí ó jókòó.

Àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àkọ́kọ́ dé orí àwọn ewúrẹ́, nítorí Dẹlegé gbà pé àwọn ni ọ̀tá ìjọba. Wọ́n mú mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ kan, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àsíá sí. Òbúkọ ìmáàmù wà nínú wọn. Nígbà tí ìmáàmù wá bẹ̀bẹ̀, Àjàní bi í bóyá òbúkọ náà ní káàdì ẹgbẹ́. Àṣẹ kejì ni pé kí ẹgbẹ́ animasiọ̀n máa kọrin fún koríko náà kí orí rẹ̀ lè wú. Wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n sì ń jó o, abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni èyí tí ó kù ń kú sí.

Ẹ̀kẹta ni irúgbìn. Dẹlegé ránṣẹ́ sí Lomé pé kí wọ́n bá òun wá irúgbìn koríko ilẹ̀ Faransé. Àpò méjì dé. Wọ́n fọ́n ọn sórí ilẹ̀ líle náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ní ọ̀sán, òjò rọ̀.

Irọ́ ni ẹni tí ó bá sọ fún yín pé irúgbìn náà kò hù ń pa. Ó hù dáadáa. Ó tutù yọ̀yọ̀, ó rọ̀ bí irun ológbò, ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí ní Kambolé. Ṣùgbọ́n inú oko àgbàdo Tàjùdíìnì ni ó hù sí, lódì kejì ọ̀nà, níbi tí àgbàrá gbé e sí.

Tàjùdíìnì rí i láàárín poro rẹ̀, ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí gbogbo ọmọ olóko. Ibẹ̀ ni Àjàní ti rí i.

Wọ́n mú un dé iwájú Dẹlegé. Ládiípọ̀ jókòó, Àjàní ti àga bọ abẹ́ ìdí rẹ̀.

"Ìwọ ni o jí koríko ìjọba?"

"Ọ̀gá, n kò jí nǹkan kan. Omi ni ó gbé e wá."

"Omi náà dà? Kí ó wá jẹ́rìí sí i!" Dẹlegé yíjú sí Àjàní. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jí gásọ̀n Olórí Ìlú. Ó sì tún ń fi ọkọ́ pa á."

Ní ayé ọjọ́un, ẹ̀rín tí ẹ ń rín yìí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn lórúkọ Olórí Ìlú, ilé rẹ̀ lè má gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti Tàjùdíìnì mọ́ yàrá àsíá, pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jáde. Ní ọjọ́ kẹrin, Àjàní sọ fún Ìdíátù pé wọ́n ń kọ ìwé tí wọn yóò fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Lomé.

Obìnrin náà gun òkè lọ sọ́dọ̀ Dẹlegé. Ó kúnlẹ̀ lórí pápá tí ó ti pá náà.

"Ọ̀gá, òun nìkan ni mo ní. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́."

Ládiípọ̀ ti mọ ohun tí ó fẹ́. Ó gbójú sókè, ó nàka sẹ́yìn ilé. Ọdún méje ni Ìdíátù ti fi ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi, koríko sì ti bò ó bámúbámú.

"Koríko yẹn," ni Dẹlegé wí. "Kí wọ́n bó o, kí wọ́n tò ó síwájú ilé mi. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí o bá fún mi, ọmọ rẹ yóò jẹun nílé."

Ìdíátù yíjú wo òkè náà. Ilẹ̀ tí ó sinmi fún ọdún méje ni ó fẹ́ kọ ebè sí lọ́dún tí ń bọ̀, iṣu ibẹ̀ ni yóò fi gbéyàwó fún Tàjùdíìnì.

"Ẹ mú un," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ fún mi lọ́mọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ kí ó má baà jẹ́ pé n kò sọ. Koríko yẹn ni ó ń dá òjò dúró lórí yín. Bí ẹ bá bó o, kò sí ohun tí yóò wà láàárín ẹ̀yin àti omi mọ́."

"Àmì ẹ̀yẹ ni yóò wà láàárín wa," ni Dẹlegé wí, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní kí Àjàní kọ ọ́ sílẹ̀.

Tàjùdíìnì dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ ń rùn bí òbúkọ. Ìyá rẹ̀ gbé omi kaná fún un, kò sọ ohun tí ó fi rà á padà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ rí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n kó gbogbo ìlú jọ, tòun tìyá rẹ̀, pé kí wọ́n wá bó òkè náà.

Ìgbà tí iṣu tuntun ti tó wa ni, gbogbo ènìyàn sì ní iṣẹ́ lóko. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́jọ gé koríko náà ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n ń fi orí rù ú sọ̀ kalẹ̀. Ìdíátù bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú ilẹ̀ líle náà kí wọ́n tó tò ó lé e. Dẹlegé ní kò sí àyè. Ìdíátù ní kí wọ́n tilẹ̀ fi èèkàn kan ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí ó má baà yọ̀.

"Èèkàn!" ni Ládiípọ̀ kígbe. "Ṣé ewúrẹ́ ni ìjọba tí ẹ fẹ́ so mọ́lẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ lé orí ilẹ̀ líle nìyẹn, bí ẹni tẹ́ ẹní sórí àpáta. Òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé wá pupa bẹ̀lẹ̀jẹ̀ bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó awọ rẹ̀. Àyìnkẹ́, ìyàwó Dẹlegé, dúró lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ó wò ó títí.

"Bàbá, ilẹ̀ yìí ń wò wá," ni ó wí.

"Wo ti iwájú," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Iwájú sì dára lóòótọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ kò rí ilẹ̀ wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó kù kí Mínísítà dé. Dẹlegé ronú, ó sì rí ọgbọ́n: ó rán Àjàní lọ sí Sokodé pé kí ó lọ ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé.

Ní Komah, àdúgbò kan níbẹ̀, ni Àjàní ti bá ọlọ́jà kan tí ń ta ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn mọ́sálásí.

"Ilẹ̀kùn mélòó?" ni ọlọ́jà bi í.

"Kì í ṣe ilẹ̀kùn. Koríko ni."

Ọlọ́jà náà gbé agolo sílẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni, àwọ̀ wo ni koríko yín ní tẹ́lẹ̀?"

Àjàní sanwó. Agolo mẹ́wàá ni ó gbé padà, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ kun irun orí ìjọba láti òkè dé ilẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n kan pèpéle sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n tẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ sí i. Mínísítà dé láti Lomé nínú aṣọ funfun gbòò, pẹ̀lú ọkọ̀ méje. Ẹgbẹ́ animasiọ̀n jó títí eruku fi sọ. Lẹ́yìn ọ̀nà, ní apá ìlà-oòrùn, ọ̀run ilẹ̀ Benin ti ṣú dúdú. Gbogbo àgbẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí pápá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí òkúta wà. Ìdíátù wà níwájú wọn, ó di ọwọ́ Tàjùdíìnì mú bí ẹni di ọmọ ọdún mẹ́ta mú.

Bí Dẹlegé bá ti kí àlejò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó sì jókòó, Mínísítà ì bá ti fi àmì ẹ̀yẹ náà kọ́ ọ láyà, ì bá sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú ewé méjìlélógójì.

"Olóyè jùlọ, Mínísítà, ìràwọ̀ tí ń ràn lábẹ́ oòrùn! Kí Olórí Ìlú tó dé, kí ni Kambolé? Kí Olórí Ìlú tó rán mi, kí ni òkè yìí? Aṣálẹ̀! Mo sọ̀rọ̀ sí i, ó hu koríko!"

Ààrá sán. Mínísítà wo ọ̀run, ó wo aago.

"Dẹlegé," ni ó wí lábẹ́lẹ̀, "ó dà bí ẹni pé òjò ń bọ̀."

Ládiípọ̀ rẹ́rìn-ín. "Olóyè jùlọ, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Òjò ilẹ̀ yìí pàápàá, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Kò ní rọ̀ láìgba àṣẹ."

Ojú ewé kọkàndínlógún ni ó wà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀wààrà. Wọ́n kàn da á sílẹ̀ ni. Òkè pupa ẹ̀yìn ilé kò ní ewé kan tí yóò fi dá a dúró. Gbogbo omi rẹ̀ rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó pín sí ọ̀tún àti òsì ilé, ó sì wọ abẹ́ koríko tí wọ́n kàn tẹ́ sílẹ̀. Pẹlẹbẹ àkọ́kọ́ ṣí. Èkejì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni gbogbo pápá náà mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń lọ. Ó ń lọ pẹ̀lú pèpéle, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú àsíá, pẹ̀lú Mínísítà. Mínísítà di apá àga rẹ̀ mú. Ládiípọ̀ ní tirẹ̀ dúró lórí pẹlẹbẹ koríko kan bí ẹni wọ ọkọ̀ ojú omi, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń kà á: "...ìdúróṣinṣin! Ìdúróṣinṣin tí ẹgbẹ́ wa..." Ó kọjá níwájú àwọn ará ìlú, ó kọjá níwájú ẹgbẹ́ animasiọ̀n, ó dé etí ọ̀nà, ó rékọjá ọ̀nà. Inú oko àgbàdo ni òun àti Mínísítà dúró sí, ọ̀kan lé èkejì lórí.

Tàjùdíìnì já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó fa Mínísítà yọ nínú ẹrẹ̀. Aṣọ funfun náà ti di aláwọ̀ ewé láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Mínísítà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan nu èkejì.

"Ọ̀dà ni eléyìí," ni ó wí. "Ta ni ó kun koríko lọ́dà?"

"Àwọn ará ìlú ni!" Ládiípọ̀ ṣì wà lórí eékún rẹ̀. "Olóyè jùlọ, ọ̀tá ìjọba ni wọ́n! Mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀!"

Ìgbà náà ni Ìdíátù sọ̀ kalẹ̀ wá. Ẹ̀rù ń bà á, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó ti rí ọmọ rẹ̀ nínú yàrá ewúrẹ́, kò tún fẹ́ rí i níbẹ̀ mọ́.

"Ọ̀gá àgbà, tèmi ni koríko yìí," ni ó wí. "Lórí ilẹ̀ ọkọ mi ni wọ́n ti bó o. Ọmọ tí ó fà yín jáde yìí ni wọ́n tì mọ́lé, kí n tó fi koríko náà rà á padà. Mo sọ fún Dẹlegé pé omi ń bọ̀."

Ẹ má rò pé Mínísítà sunkún. Ẹ má rò pé ó bèèrè ọjọ́ mélòó ni ọmọ náà lò láàárín ewúrẹ́, tàbí ohun tí yóò dé bá ilẹ̀ opó. Ìkòkò kì í bú àpẹ pé ó dúdú. Ohun tí ó bèèrè ni omi ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń wọ ọkọ̀, ó wo aṣọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wo Ládiípọ̀. Gbogbo ẹni tí ó rí ìwò náà mọ̀ pé ó tán.

Ládiípọ̀ nìkan ni kò mọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, rédíò sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án: wọ́n ti pe Ọ̀gbẹ́ni Ládiípọ̀, Dẹlegé fún Ẹwà Ìlú ní Kambolé, sí iṣẹ́ mìíràn.

Ó fò dìde. "Àyìnkẹ́! Wọ́n ti gbé mi ga! Iṣẹ́ mìíràn!"

"Ṣé wọ́n dárúkọ iṣẹ́ náà?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Iṣẹ́ ńlá kì í ní orúkọ."

"Tèmi lórúkọ," ni Àyìnkẹ́ wí. "Ẹrù dídì ni." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìkòkò sínú agbọ̀n.

Ládiípọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti gba ìkíni. Kò rí ẹnìkan. Ó ní kí òun jókòó dè wọ́n, ó sì jókòó gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, láìwẹ̀yìn. Ilẹ̀ ni ó gbà á. Àjàní náà ti gbọ́ rédíò. Ó ti gbé àga náà padà sí ọ́fíìsì, ó sì ń nu eruku ara rẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀.

Ẹni tí ń bọ̀ kò wá. Lomé ti gbàgbé pé ipò kan wà tí ń jẹ́ Dẹlegé fún Ẹwà Ìlú, ilé orí òkè sì ṣófo. Ládiípọ̀ padà sí Kouloundè, sínú ilé ìyá rẹ̀. Obìnrin tí Ládiípọ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó ní, "Ṣáálì, wọlé," ó sì bu oúnjẹ fún un. Láràárọ̀ ni Ládiípọ̀ ń wẹ̀, tí ó ń wọ kóòtù, tí ó ń jókòó lójú fèrèsé, tí ó ń dúró de ìwé tí yóò sọ iṣẹ́ mìíràn náà fún un.

Ní Kambolé, wọn kò dúró de ìwé kankan. Àgbàrá ti rí ọ̀nà, ó ń gba oko Tàjùdíìnì lọ sí ọ̀nà odò tí gbogbo ìlú ń pọn. Bí òjò bá tún rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò di odò náà pa. Ìdíátù kó àwọn ènìyàn jọ, kò sì sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Wọ́n gbẹ́ yàrà dábùú òkè. Wọ́n fi ọkọ́ tú ilẹ̀ líle. Wọ́n to pòpórò, wọ́n fi èèkàn dè é mọ́lẹ̀, wọ́n wá ri ẹ̀ka gbégi sáàárín rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, ìdajì kú. Òjò kan já yàrà náà ní apá kan, wọ́n tún un gbẹ́. Ìdíátù kò kọ ebè sórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ ọ́ lọ́dún kejì, ìyàwó Tàjùdíìnì sì ní láti dúró. Ní ọdún kẹta ni òkè náà tó bo ara rẹ̀.

Ọdún náà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró létí ọ̀nà, tí ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rù. Ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnìkan nínú rẹ̀. Ìdíátù wà lókè, ó ń tún etí yàrà ṣe.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́," ni ọkùnrin náà wí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ìdíátù tó mọ̀ ọ́n, nítorí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ẹ kú àbọ̀, Ọ̀gá. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Bóyá ìwé kan wá fún mi síbí, láti Lomé?"

"Ìwé kankan kò wá."

Ládiípọ̀ mi orí. Ó wo koríko tí ó tẹ́ rẹrẹ títí dé etí ọ̀nà. Ọrùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í na, ọ̀rọ̀ sì dé ọ̀fun rẹ̀. "Ta ni ó pàṣẹ pé kí ẹ gbin..."

"Ọ̀gá," ni Ìdíátù wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀gbẹ́. Apá ibi tí ẹ dúró sí yẹn kò tíì mú dáadáa."

Dẹlegé àná wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó sì gba ẹ̀gbẹ́.

Ìdíátù sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ gbòǹgbò tí bàtà Ládiípọ̀ ti yọ padà sínú ilẹ̀.